Ẹlẹ́nu-Àrọ̀ àti Òkìtì Ìkarahun Omíyalé

"Èmi ni Eyín-Erin!
Ajẹ-àpáta-bí-ẹni-jẹ-ẹ̀pà!
Mo gé òkè lẹ́sẹ̀, òkè kúnlẹ̀,
Mo wọ odò, odò yà fún mi.
Ẹ yàn mí, kẹ́ ẹ lọ sùn!"

Ẹ̀rọ náà ló ń ki ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀. Ó jókòó lórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó gbé e wá, ó na ọrùn irin gbọọrọ síta, eyín sì yí orí rẹ̀ ká bíi ti ayùn. Ohùn rẹ̀ ń mi pákó ìlú Omíyalé jìgìjìgì. Àwọn ọmọdé ti ń fi í jó, àwọn àgbà ń pàtẹ́wọ́. Gbogbo ẹnu-ọ̀nà ìlú kún fọ́fọ́, inú gbogbo èèyàn ń dùn, àfi Jọyinọlá nìkan.

Jọyinọlá jókòó sétí pákó, ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ omi, ó yíjú sẹ́yìn, ó ń wo ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Ọbẹ̀ náà kò dúró déédéé. Apá ẹ̀yìn ìlú ni gbogbo rẹ̀ dà sí, ó kún débi ẹnu ìkòkò, apá ẹnu-ọ̀nà sì gbẹ débi pé èèyàn lè ka ẹja inú rẹ̀. Bí gbogbo ilé ṣe rí nìyẹn láti oṣù mẹ́ta. Bí ọmọ bá jókòó, á yọ̀ tẹ̀ẹ́ lọ sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù kan bọ́ lọ́wọ́ ọmọ lẹ́nu-ọ̀nà, ó di ìdí ilé ìgbẹ̀yìn kí wọ́n tó rí i mú. Ìlú tó ti ń léfòó láti ọgọ́ta ọdún, ìlú ọparun àti dírọ́ọ̀mù tó ń bá omi lọ tó ń bá omi bọ̀, ìlú náà ló fìdí kanlẹ̀ yìí.

Òjìji kan kọjá lórí omi.

"Ẹyẹ ti dé," ni Láṣebíkan wí. Àbúrò ọkọ Jọyinọlá ni Láṣebíkan, awayanrìn àtijọ́ ni, àyà rẹ̀ ṣì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

Ẹyẹ irin ti Ìjọba Ilẹ̀ bà sórí òpó ẹnu-ọ̀nà. Lọ́sàn-án gangan ló máa ń dé, kì í yẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo sínú omi, ẹsẹ̀ tó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan péré gùn ju ikùn ìlú lọ. Kọ́! Ẹsẹ̀ náà kan ilẹ̀. Ó fà á yọ, ó fi ẹnu mú ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan, ó sín in mọ́ okùn tó so rọ̀ lókè ẹnu-ọ̀nà.

"Márùndínlọ́gọ́rùn-ún," ni ẹyẹ wí, láìbínú, láìrẹ́rìn-ín. "Ohun tó bá fìdí kanlẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ilẹ̀ ni. Ohun tó bá jẹ́ ilẹ̀, ti Ìjọba Ilẹ̀ ni. Ẹ kú ọ̀sán o." Ó fò lọ.

"Ìyàwó wa, ẹyẹ yìí ò mọ ẹ̀rín," ni Láṣebíkan wí.

"Ọkọ mi Afínjú-Odò, ẹyẹ tó fẹ́ gbé odindi ìlú mì, ẹ fẹ́ kó tún máa rẹ́rìn-ín sí wa?"

Ọjọ́ márùn-ún ló kù. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ọgọ́rùn-ún bá wọ okùn, wọn ó tú Omíyalé palẹ̀, wọn ó kó wọn lọ sínú ilé gogoro lókè ilẹ̀, níbi tí omi ti ń jáde lára ògiri, tí èèyàn ò lè rí ẹja kankan kí tó bá jí. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gọ́rùn-ún, omi òṣùpá yóò kún lọ́sàn-án, òun ló ga jù lọ́dún. Bí ìdí ìlú bá mọ́ kó tó dé, yóò gbé ìlú sókè. Bí kò bá mọ́, ó di gbére.

Ẹ̀rọ awalẹ̀-omi kan ṣoṣo ni òfin fún ìlú omi láàyè láti yá láàárín ọdún méje. Mẹ́ta ni wọ́n kó wá kí wọ́n lè yàn, méjì yóò padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó sì máa yàn án náà ni Jọyinọlá, nítorí òun ni Olùyàn. Òun ló ń yan okùn, òun ló ń yan ọparun, òun ló ń yan ọkọ̀. Kò rò ó rí pé òun yóò yan ohun tí odindi ìlú yóò gbẹ́kẹ̀ lé.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá." Ẹnjiníà tó kó ẹ̀rọ wá ló dé yẹn, Moróhunfólú lorúkọ rẹ̀, ọmọ òkè ilẹ̀, bàtà rẹ̀ ṣì ń bẹ̀rù omi. Ó gbé awo dígí kan tó ń tàn dání. "Ẹ dákun, ẹ wo èyí."

"Ojú mi ò ka ìwé, ọmọ mi. Kà á fún mi, má fi iyọ̀ sí i."

"Ìdí omi yín le, Màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹta la sọ ọ̀pá ìwọ̀n sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dún kọ́-kọ́. Ó le tó àpáta. Awo sì ti dá a lẹ́jọ́: Eyín-Erin ni. Àwọn méjì tó kù kàn bá a rìnrìn àjò ni."

Eyín-Erin gbọ́ orúkọ rẹ̀, ló bá tún kọrin. Olórí ìlú, Gbádéwọlé, fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ikùn rẹ̀ tó tóbi. "Ìyá Olùyàn, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Awo ti wí. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, kó di òfin, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Olórí, ẹni tó fẹ́ fẹ́yàwó á bá ọmọ sọ̀rọ̀ ná. Mo ní ìbéèrè mẹ́ta lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Àbí wọ́n ti gba ìyẹn náà?"

Wọn ò tíì gbà á. Òfin ni: ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ yá lè ki ara rẹ̀ bó ṣe wù ú, àmọ́ bí Olùyàn bá bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọdọ̀ purọ́.

Jọyinọlá dìde, ó gbọn omi ẹsẹ̀ rẹ̀ nù, ó kọjú sí irin ńlá náà.

"Eyín-Erin, kí lo máa ń jẹ?"

"Àpáta, amọ̀ líle, gbòǹgbò igi, irin, ilé tó rì. Ẹrẹ̀ pàápàá, mo fi ń mumi ni!" Àwọn èèyàn hó yèè.

"Bó o bá ń ṣiṣẹ́, kí lo fi ń dúró?"

Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Òpó irin méjì. Mo máa ń gún wọn wọlẹ̀, mo sì ń yí lórí wọn."

"Ohun tó o bá jẹ, ǹjẹ́ o máa ń mọ ohun tó jẹ́?"

Ẹ̀rọ náà fa ọrùn gbọọrọ rẹ̀ padà díẹ̀. "Rárá," ló wí. "Ohun tó bá ti kan ẹnu mi, ó di lílọ̀."

Ó kọjá sọ́dọ̀ ìkejì, Ọwọ́-Akàn, tó ní ọwọ́ irin gọ̀dọ̀gbà méjì tó ń ṣí tó ń pàdé. Ìyẹn kò kọrin, ó kàn ń fọwọ́ lu ara wọn gbàgà. Jọyinọlá ò bi í ju ìbéèrè kan lọ: "Bó o bá ti bu ìdí omi, báwo lomi ṣe máa ń rí?"

"Bí ọbẹ̀ gbẹ̀gìrì," ni Ọwọ́-Akàn wí.

Àwọn Ojú-Omi gbọ́, bọ́ọ̀lù funfun mẹ́rin tí Ìgbìmọ̀ Omi so káàkiri ìlú, wọ́n yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí omi bá dàrú, Ojú-Omi á figbe ta; ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló ń ké, òfin á sì dá iṣẹ́ dúró.

Ìkẹta wà lẹ́yìn wọn bí ìyàwó tuntun. Kò ga ju àyà èèyàn lọ. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ, irun irin so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu náà bíi ti ẹja àrọ̀, irin lílọ́ kan ń yí jẹ́jẹ́ lọ́fun rẹ̀, páìpù gígùn sì ká jọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹlẹ́nu-Àrọ̀ ni wọ́n ń pè é. Orin tí ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ kò ju kíkùn lọ.

"Ìwọ, kí lo máa ń jẹ?"

"Ẹrẹ̀, ìyá. Ẹrẹ̀ rírọ̀ nìkan."

Ẹ̀rín ta lẹ́nu-ọ̀nà. Ẹnì kan ní kí wọ́n bá a fi ata sí i.

"Kí ni kì í bá ọ lára mu?"

"Òkúta. Ìkarahun. Bí mo bá gbé ìkarahun mì, ọ̀fun mi á ya."

"Kí lo fi ń dúró?"

"Èmi kì í dúró, ìyá. Mò ń léfòó, okùn ni mo fi ń rìn. Bí ẹ̀yin náà ni."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Jọyinọlá lọ́kàn, ó dùn mọ́ ọn bí oyin. Ṣùgbọ́n adùn kọ́ ni wọ́n fi ń gbé ìlú. Àpáta ni awo wí. Ó tún wo ìkòkò ọbẹ̀. Láàárọ̀, ẹja mẹ́rin ló rí níbi tó gbẹ. Ẹja márùn-ún ló ń wò báyìí.

"Ẹnjiníà," ó wí jẹ́jẹ́, "bó bá jẹ́ àpáta ló gbé wa dúró, kí ló dé tí ẹ̀yìn ìlú ṣì ń rì? Àpáta kì í fi ojoojúmọ́ rọ̀."

Moróhunfólú tún awo rẹ̀ wò.

"Ọkọ mi, ẹ fún mi lókùn."

"Ìyàwó wa, ọdún kejìdínláàádọ́rin lo wà yìí!"

"Omi ò bi mí lọ́jọ́ orí rí."

Láṣebíkan so okùn mọ́ ọn níbàdí, ó ń kùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bó o bá kú síbẹ̀, kí ni kí n wí fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́run?"

"Ẹ sọ fún un pé mò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

Ó ká ìró sókè, ó dì í gírígírí. Orin tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ ní ìdádúró èémí, nígbà tí àwọn obìnrin fi ń wa yanrìn, òun ló kọ:

"Ìsàlẹ̀ omi, mo ń bọ̀ o,
Má tìlẹ̀kùn mọ́ mi.
Mo ti wá rí, mo tún dé,
Mo kàn wá kí ọ ni."

Ó wọ omi lábẹ́ ẹnu-ọ̀nà. Omi gbá a mọ́ra bí ọ̀rẹ́ tí kò tíì gbàgbé. Ó nawọ́ sísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ohun líle, ohun tó mú, tó tò jọ lé ara wọn, kọ́-kọ́-kọ́. Ó fọwọ́ tọ́ ọ káàkiri, òkìtì gàgàrà ni. Ó mọ̀ ọ́n! Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀ nísàlẹ̀ omi, gbogbo èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sínú ẹ̀rín. Ó já ọ̀kan lára rẹ̀, ó yọ sókè, ó mí, ó rìn lọ sí gbọ̀ngán ìpàdé lẹ́yìn ìlú, níbi tí ihò ìpọnmi wà láàárín ilé, ó tún wọ ibẹ̀ ṣìnkìn.

Níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ rì dé abíyá. Ìdí omi náà rọ̀ bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì.

Nígbà tó padà dé ẹnu-ọ̀nà, omi ń ro lára rẹ̀ tótótó, ó gbé ìkarahun òkun kan lé àtẹ́lẹwọ́ Moróhunfólú. "Ìwọ lo mọ̀wé. Nǹkan kan wà lára àpáta yìí. Kà á."

Ẹnjiníà fi àtàǹpàkò nù ún. "Gbá... dé... wọlé." Ó gbójú sókè. "Gbádéwọlé?"

"Irú àpáta wo ló ń jẹ́ orúkọ Olórí wa?"

Gbogbo ẹnu-ọ̀nà na ọrùn wo ìkarahun náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú, ẹ̀rín tó mú kí àwọn Ojú-Omi yí bìrí. Láṣebíkan jókòó sílẹ̀ kó má baà ṣubú sómi. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni Olórí, tó ń wo ìkarahun ara rẹ̀ bí ẹni tó rí ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbé orí ilẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n. Ní Omíyalé, bí wọ́n bá bí ọmọ, tó bá di ọjọ́ kẹjọ, bàbá rẹ̀ yóò fín orúkọ ọmọ sára ìkarahun kan, yóò fín àmì tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn ẹbí yóò fi apẹ̀rẹ̀ ìkarahun mìíràn kún un, wọn ó sì dà á sómi lẹ́nu-ọ̀nà. Ìtẹ́lẹ̀ ọmọ nìyẹn. Ọmọ tí wọn ò bí sórí ilẹ̀, kó lè ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni wọ́n ti ń dà á.

"Níbo lẹ sọ ọ̀pá ìwọ̀n sí?" ni Jọyinọlá béèrè.

"Ibí yìí," ni Moróhunfólú wí, ojú ń tì í. "Mo ní kí wọ́n fi ìdí ìlú hàn mí. Olórí fúnra wọn ló mú mi wá."

"Kí n ṣe báwo?" Olórí fariga. "Bí àlejò bá béèrè ìdí ìlú, ṣé kì í ṣe ẹnu-ọ̀nà la ń mú un lọ? Ibi tí ìdí wa wà kọ́ nìyẹn?"

Òótọ́ ló sọ, ìdí sì nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi rí àṣìṣe náà. Ẹnjiníà sáré lọ sí gbọ̀ngán, ó sọ ọ̀pá sínú ihò ìpọnmi. Kò dún. Ó rì, ó rì, títí ọ̀pá fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ẹrẹ̀ ni gbogbo abẹ́ ìlú, Màmá. Ẹlẹ́nu-Àrọ̀ lè fà á tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ò sì ní dàrú. Àmọ́..." Ó fọwọ́ ra orí. "Òkìtì yìí ńkọ́? Bí ẹrẹ̀ bá tán, ẹnu-ọ̀nà yóò ṣì há sórí rẹ̀ bí ewúrẹ́ tó há sórí ọgbà. Ẹlẹ́nu-Àrọ̀ ò lè jẹ ẹ́. Eyín-Erin lè jẹ méjèèjì."

"Mo lè jẹ méjèèjì!" Eyín-Erin kọ ọ́ lórin.

"Pẹ̀lú òpó méjì tó máa gún gba àárín ilé wa?" ni Láṣebíkan wí.

"Ilé méjì tàbí mẹ́ta ló máa fọ́," ni Olórí wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ó ṣì di ìkarahun rẹ̀ mú. "Ìyá Olùyàn, ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ìkarahun ni, kì í ṣe ọmọ. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́, ká lọ. Ẹ̀yin náà mọ òfin: bí ẹ bá yan ohun tí awo ò yàn, àjẹ̀ ìwakọ̀ yín lẹ máa fi dógò. Bó bá kùnà, wọ́n á ṣẹ́ ẹ, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wọ ilé gogoro, ẹ ò sì ní fẹsẹ̀ kan omi mọ́."

Jọyinọlá yíjú kúrò lọ́dọ̀ Olórí. Ó ń wo omi. Ìkarahun kan wà nínú òkìtì yẹn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dúrójayé. Ọmọ tí òun àti ọkọ rẹ̀ fún lórúkọ bẹ́ẹ̀ kò dúró ju oṣù mẹ́sàn-án lọ. Lórí omi, kò sí ibojì. Ibì kan ṣoṣo tí ọmọ náà wà láyé nìyẹn. Bí Eyín-Erin bá sì lọ̀ ọ́, ìlú lè léfòó, gbogbo èèyàn lè jó. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Kò sí. Kí ni ìkarahun ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lẹ́gbẹ̀ẹ́ irínwó èèyàn tó wà láàyè? Ó bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ṣe ojúsàájú fún ara rẹ̀. Ó dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí omi ara rẹ̀ fi gbẹ.

Ìgbà náà ló wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ta ló da ìkarahun síbẹ̀?" ó béèrè.

"Àwa ni," ni Láṣebíkan wí.

"Kí la fi dà á?"

Láṣebíkan gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó wò wọ́n, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀. "Ìyàwó wa, o ò ní pa mí."

Jọyinọlá fa àjẹ̀ rẹ̀ yọ lára òpó, àjẹ̀ dúdú tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, ó gbé e kalẹ̀ níwájú Olórí. "Mo yan Ẹlẹ́nu-Àrọ̀. Ẹ̀rọ á fa ẹrẹ̀. Èèyàn á kó ìkarahun. Ohun tí ọwọ́ dà sómi, ọwọ́ ló ń kó o."

Awo dígí pariwo pé ó lòdì. Moróhunfólú fi etí aṣọ ara rẹ̀ bò ó lójú, bí ẹni bo ẹyẹ ayékòótọ́. Báyìí ni wọ́n gbé Eyín-Erin padà lọ sílé, ó ń kọrin lọ lójú omi: "Ẹ óò wá mi o! Ẹ óò wá mi!" Kò sẹ́ni tó wá a.

Ẹ wá wo Omíyalé lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn! Ẹ̀rọ kékeré náà rọra wọ abẹ́ ìlú, ó ń kùn, okùn ń fà á lọ okùn ń fà á bọ̀, ẹrẹ̀ sì ń gba inú páìpù lọ sí ìdí àwọn igi etí omi lókèèrè, omi lókè mọ́ kedere bí ojú ọmọ tuntun. Lẹ́nu-ọ̀nà, gbogbo ẹni tó bá lè lúwẹ̀ẹ́ ń wọlé ń jáde pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Láṣebíkan tó ti fẹ̀yìn tì ń wọ omi bí ọmọ ogún ọdún. Olórí fúnra rẹ̀ bọ́ agbádá, ó bọ́ sómi gbàwàà, wọ́n ní omi ga sókè díẹ̀ nígbà náà. Àwọn tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń ka orúkọ:

"Ta ló ni Mobọ́láńlé?"

"Èmi ni o! Ẹ jẹ́ n wò ó! Ẹ wo ìkọ̀wé bàbá mi, bí ẹsẹ̀ adìẹ!"

"Ta ló ni Ayọ̀délé?"

"Mẹ́fà la wà! Èwo ni?"

Jọyinọlá ló ń dá orin, wọ́n ń gbè é:

"Kí ló wà nísàlẹ̀?
– Àwa ni!
Ta ló gbé wa dúró?
– Àwa ni!
Ta ló há wa mọ́lẹ̀?
– Àwa náà ni!
Ta ló máa tú wa sílẹ̀?
– Àwa, àwa, àwa ni!"

Lọ́sàn-án kọ̀ọ̀kan, ẹyẹ dé, kọ́!, ó sín ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó fò lọ. Wọn ò tilẹ̀ wò ó mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn tí ìlẹ̀kẹ̀ kejìdínlọ́gọ́rùn-ún ti wọ okùn, kíkùn Ẹlẹ́nu-Àrọ̀ dákẹ́. Ojú-Omi kan ké tòò, igbe kìíní. Gbogbo ìlú dúró pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Moróhunfólú fọwọ́ tẹ awo léraléra. "Kò jẹ́ mi lóhùn. Bí ọ̀fun rẹ̀ bá ti ya, Màmá, a ti parí."

Jọyinọlá ti wọ omi kó tó sọ ọ́ tán. Ó bá ẹ̀rọ náà lábẹ́ gbọ̀ngán, nínú òkùnkùn ẹrẹ̀. Ó fọwọ́ kan irun ẹnu rẹ̀. Irin lílọ́ ọ̀fun rẹ̀ kò yí. Ẹnu náà ṣí díẹ̀ fún un, bí ẹnu ọmọ tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lẹ́nu rẹ̀. Ó kiwọ́ bọ̀ ọ́. Ìkarahun kan péré ló wà níbẹ̀, èyí tí omi ti gbé kúrò lẹ́nu-ọ̀nà láti ọdún pípẹ́.

Nígbà tó yọ sókè, ohùn ẹ̀rọ náà ti gba inú awo Moróhunfólú jáde. "Nǹkan kan wọ ẹnu mi. Mi ò gbé e mì. Mo gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń pe orúkọ, mo rò pé ti ẹnì kan ni."

Jọyinọlá kò nílò ẹni tó máa kà á fún un. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti rí ilà mẹ́ta àti ẹja kékeré kan, àmì ọkọ rẹ̀. Ó gbé e lé àyà. Láṣebíkan rí i, ó mọ̀ ọ́n, ó bọ́ fìlà tí kò dé, ó fọwọ́ kan orí lásán.

"Ó pẹ́ kó tó dé," ni Jọyinọlá wí, omijé àti omi ọ̀sà kò ṣeé yà sọ́tọ̀ lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó dé. Ó ya, ẹ jẹ́ ká máa ṣiṣẹ́!" Kíkùn náà sì tún bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìlú.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gọ́rùn-ún, omi òṣùpá dé. Kò dé pẹ̀lú ariwo. Ó kún jẹ́jẹ́, ó gun ọparun, ó gun òpó. Apẹ̀rẹ̀ tó gbẹ̀yìn ti jáde, gbogbo ọkọ̀ kún fún ìkarahun. Irínwó èèyàn dúró lórí pákó. Jọyinọlá jókòó sí ipò rẹ̀, ó ń wo ìkòkò ọbẹ̀.

Ọbẹ̀ náà mì. Ó rọra kúrò lẹ́yìn, ó ń bọ̀ wá síwájú, ó bo ẹja kan, ó bo èkejì, ó bo ìkẹta. Lábẹ́ ilé, ohun kan dún kèéè, bí ẹni àgbà tó ń dìde lórí àpótí. Ó bo ẹja kẹrin. Ó bo ìkarùn-ún. Ọbẹ̀ dúró pẹrẹsẹ, ó bá etí ìkòkò dọ́gba yíká, déédéé bí ojú omi.

"Ó dúró!" Jọyinọlá kígbe. "Ọbẹ̀ mi dúró!"

Kí wọ́n tó hó, òjìji kọjá lórí omi. Ẹyẹ bà lórí òpó. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sómi. Kò dún. Ó fà á yọ, ó wò ó, ó tún nà án. Kò dún. Ó tẹra mọ́ ọn títí ikùn irin rẹ̀ fi kan omi, bí àgbà tó ń wá ẹyọ owó tó bọ́ sábẹ́ ibùsùn.

"Omi ni," ni ẹyẹ wí.

Ó fi ẹnu já okùn. Ìlẹ̀kẹ̀ méjìdínlọ́gọ́rùn-ún dà sómi lẹ́ẹ̀kan, pó-pó-pó-pó, bí òjò àkọ́rọ̀ lórí ewé kókò. Kí ẹyẹ tó fò, Láṣebíkan bi í pé, "Ẹyẹ, o ò ní rẹ́rìn-ín lónìí náà?" Mo gbọ́ pé ó yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bóyá ẹ̀rín tirẹ̀ nìyẹn.

Ariwo tó sọ ní Omíyalé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́. Olórí wá, omi ń ro lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí pákó tó ti dúró déédéé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àjẹ̀ dúdú náà fún un. "Ìyá Olùyàn, ẹ gbà á. Èmi Àpáta ló ń bẹ̀ yín."

"Dìde, Àpáta," ni Jọyinọlá wí, "kó o má tún mú ìlú wúwo."

Moróhunfólú dé pẹ̀lú awo rẹ̀. Kò wọ bàtà mọ́. "Màmá, wọ́n ní kí n kọ irú ìdí omi tí a bá níbí, kí wọ́n lè fi yan ẹ̀rọ fún àwọn ẹlòmíì. Kí ni kí n kọ?"

Jọyinọlá rò ó. Ìkarahun kékeré náà ti wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti fi òwú àwọ̀n so ó.

"Kọ ọ́ pé ẹrẹ̀ ni. Kọ ọ́ pé kí wọ́n má sọ ọ̀pá síbi kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ pé, kí lẹ fi pamọ́ sábẹ́ omi yín?"

Ẹlẹ́nu-Àrọ̀ yọ orí sí ẹ̀gbẹ́ pákó, ẹrẹ̀ ń ṣàn nírun ẹnu rẹ̀, ó ń kùn. Wọ́n tẹ́tí, àṣé orin "àwa ni" ló ń kùn. Àwọn ọmọdé gbè é fún un.

Omi òṣùpá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà padà sí òkun. Okùn ìlú le dan-in dan-in, Omíyalé mì lẹ́ẹ̀kan, ó kúrò lórí ibi tó ti jókòó lóṣù mẹ́ta, ó bá omi lọ. Jọyinọlá gbé àjẹ̀ ìyá rẹ̀ sómi, ó yíjú sẹ́yìn.

"Ọkọ mi Afínjú-Odò," ó kígbe, "ẹ bá mi di ìkòkò mú o, à ń lọ!"